Ìwé Mẹ́ta Tí Kóòdù Mi Fò

Lásìkò tí ìjọ àti yunifásítì ń pọ̀ sí i ní Ọ̀tà, ìjọ kan ní Sàngó gbà mí síṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn. Ímeèlì àdúrà ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi. Àwọn èèyàn ń kọ̀wé láti ibi gbogbo pé kí wọ́n bá àwọn gbàdúrà, ó sì ti pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè máa ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bá kọ kóòdù kan sínú kọ̀ǹpútà, tó ń tú ìwé kọ̀ọ̀kan, tó ń yẹ apá rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, tó sì ń mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde. Màmá àgbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, tí wọ́n á gbé e lọ bá àwọn aládùúrà. Èyí tí kóòdù náà kò bá ti rí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, mo ní kó fò ó. Mo rò pé òfìfo ni. Inú ọ̀gá mi dùn, èmi náà sì ń yangàn.

Àgbárá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé nígbà náà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Àwọn ló mú mi wá láti Ìkìrun nígbà tí ìyá wa kú. Yàrá kan ṣoṣo la jọ gbé títí mo fi jáde ilé ìwé. Ọdún tí mo ń múra ìgbéyàwó ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bí mo bá béèrè, wọ́n á ní iṣẹ́ òru ló fà á.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n jó díẹ̀, wọ́n lọ jókòó. Kò pé oṣù méjì tí aládùúgbò wọn fi pè mí pé kí n máa bọ̀ ní ọsibítù. Jẹjẹrẹ ọmú ni. Ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró.

"Àǹtí mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò káàdì ọsibítù mi mọ́ ọn, kí àwọn aládùúrà lè gbọ́wọ́ lé e."

"Mi ò rí i o."

"Ṣebí ìwọ lò ń gba àwọn ìwé yẹn? Mo rò pé o ti kà á. Nígbà tí o ò sọ nǹkan kan, mo ní bóyá wàhálà ìgbéyàwó ni, kí n má dà ọ́ láàmú."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo wọkọ̀ padà sí Sàngó, mo wá orúkọ wọn nínú ímeèlì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Nítorí fọ́tò tí wọ́n fi mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, fóònù wọn ti kó ọ̀rọ̀ wọn sínú apá kan tó tún ní àwọn apá mìíràn nínú. Apá òkè nìkan ni kóòdù mi ń yẹ̀ wò. Ó rí fọ́tò, kò rí ọ̀rọ̀, ó kọjá lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ. Ọ̀rọ̀ wọn jáde: "Ẹ bá mi gbàdúrà. Kókó kan wà ní ọmú mi ọ̀tún, ó ń tóbi. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Bó bá ka èyí, ẹ sọ fún un kó má fòyà." Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú ìkẹta: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ìwé mi?"

Tiwọn nìkan kọ́. Ìwé àwọn ẹlòmíràn ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, bébà ń já bọ́ sílẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Màmá àgbà yẹn ṣa díẹ̀, wọ́n kà á, wọ́n jókòó.

"Gbogbo èyí, a ò gbàdúrà sí i rí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìyókù.

Lọ́jọ́ kejì mo padà sí ọsibítù. "Àǹtí mi, ìwé yín ò dé ọwọ́ mi rárá. Kóòdù tí mo kọ ló fò ó."

"Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n yíjú sí ògiri. Mi ò mọ̀ bóyá ìrora ni, àbí wọn ò gbà mí gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí wọ́n fi kú. Ìyàwó mi máa ń sọ pé wọ́n gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n òun ò sí nínú yàrá yẹn.