Ọjọ́ Tí Mo Wọ Yunifọ́ọ̀mù Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ tí mo wọ yunifọ́ọ̀mù Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, lọ sí ilé ìwé ní Ìdànrè kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ní Sátidé tó ṣáájú, bàbá wa ti fi Bọ́sẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fún àgbẹ̀ kòkó kan ní Ọ̀wẹnà láti fi ṣe aya. Ẹ̀rù ń ba màmá wa pé tíṣà Bọ́sẹ̀ máa wá a wálé. Wọ́n ní, "Jókòó sí kíláàsì rẹ̀. Tí wọ́n bá pe Bọ́sẹ̀, kí o dáhùn."

Tíṣà pe Bọ́sẹ̀. Mo dáhùn. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, torí apá aṣọ náà bo ìka mi. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín.

"Bọ́sẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti lọ ilé ọkọ, sà."

Wọ́n rọra pa rẹ́jísítà dé.

Nígbà tí yunifọ́ọ̀mù náà fi máa bá mi mu, Bọ́sẹ̀ ti bímọ méjì.