Bí A Ṣe Po Ẹrẹ̀ fún Ilé Àtijọ́ ní Hamburg

Àjà kọkànlá la ń gbé ní Osdorfer Born, àdúgbò ilé gogoro ní Hamburg, nígbà tí ọkọ mi wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan, tó ní òun ti rí ilé. Mo bi í pé irú ilé wo. Ó ní ilé àtijọ́ ni, ní etí Hamburg lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin òdòdó. Igi dúdú gbọ̀ǹgbọ̀nràn ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀, wọ́n wá fi nǹkan funfun dí àárín àwọn igi náà. Fachwerk làwọn òyìnbó ibí ń pè é. Ó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, mo sì wò ó títí. Ilé náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò.

Ọkọ mi kì í ṣe káfíńtà, kì í sì í ṣe bíríkìlà. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro, S-Bahn, ló ń wà. Èmi, nọ́ọ̀sì ni mí. Nínú àwa méjèèjì kò sí ẹni tó lè kan ìṣó kó má wọ́. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ti wu ọkùnrin yìí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kí ọdún tó yípo, a ti kó lọ síbẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ bá wa yọ̀ gan-an ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí wọ́n fi rí fọ́tò ilé ọ̀hún. Ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé a máa wó o ká tó tún un kọ́ ni.

A ò lè wó o. Ilé náà wà lábẹ́ Denkmalschutz, ìyẹn ni pé ìjọba ń ṣọ́ ọ bí adìyẹ ṣe ń ṣọ́ ẹyin. Ìwọ lo ni ín lóòótọ́, àmọ́ o kò gbọdọ̀ pààrọ̀ fèrèsé kan ṣoṣo láìtọrọ àyè.

Ọkọ mi gbàgbé èyí. Nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ dáadáa lẹ́yìn tí a kó wọlé, nǹkan funfun tó wà láàárín igi méjì lára ògiri ilé ìdáná ya lulẹ̀. Ó wo fídíò kan, ó lọ ra sìmẹ́ǹtì, ó dí ojú àlàfo náà, ó sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wò ó bí ẹni pé òun ló tẹ Hamburg dó.

Kò pẹ́ sí i ni obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì Denkmalschutz. Ìyá kúkúrú kan ni, kẹ̀kẹ́ ló gùn wá, kì í sì í pariwo. Ó rìn yí ilé ká, ó fi ìka kan ògiri ilé ìdáná kó kó kó, ó béèrè pé ta ló ṣe èyí. Ọkọ mi rò pé ó fẹ́ yin òun ni, ó bá nawọ́ sókè. Ìyá náà yọ ọ̀bẹ kékeré kan lápò, ó fi gún igi tó wà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì yẹn. Ọ̀bẹ náà wọlé wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ṣíbí bá wọ mọ́ínmọ́ín. Ó ṣàlàyé fún wa pé sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ ni omi máa ń sá pamọ́ sí tí á fi mú igi náà jẹrà. Ó ní ká yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ká fi Lehm dí i.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Amọ̀ ni, tí wọ́n fi omi àti koríko gbígbẹ pò.

Inú ilé amọ̀ ni wọ́n bí mi sí, ní abúlé kan nítòsí Iléṣà. Ọjọ́ tí bàbá mi fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri ilé wa, ó pa àkùkọ. Mo kàwé, mo wọ bàálù, mo kọ́ èdè Jámánì títí ahọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán mọ́ mi lẹ́nu, ìjọba Jámánì wá ń sọ fún mi pé kí n lọ po ẹrẹ̀.

Ìyá yẹn ní ibì kan wà ní Kreuzberg, ní Berlin, tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ náà fún ọjọ́ méjì. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo lọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Tempelhof, ní Berlin kan náà, ni mo dé sí. Ọ̀gá kékeré ni ní ilé ìkẹ́rùsí kan, kì í sì í wọ aṣọ tí kò fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ jáde. Mo sọ fún un pé Weiterbildung ni mo wá ṣe, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún fún òṣìṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà pé orí ni màá jẹ́, mi ò ní jẹ́ ìrù.

Nígbà tí mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ ti gùn mí dé orúnkún, ó sì wà nínú irun mi. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ibo lo ṣubú sí?"

"Mi ò ṣubú, bọ̀dá mi. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn."

Mo wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí bàtà. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹrẹ̀ náà ti tó lò. Mo ní báàkẹ́tì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ló ń mọ ẹrẹ̀," ó ní. "Ìwé kọ́."

Ó ní òun ń bọ̀ ní Hamburg ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kóun wá fojú òun rí ìwà òmùgọ̀ wa.

Bàtà funfun ló wọ̀ wá, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó jókòó sórí àga ní àgbàlá, ó ń mu tíì. Nígbà yẹn a ti wó sìmẹ́ǹtì kúrò, káfíńtà ti pààrọ̀ ibi tó rà lára igi, a sì ti hun ọ̀pá wẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín rẹ̀ bí agbọ̀n. Mo bọ́ sínú ẹrẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò dìde, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́: omi ti pọ̀ jù, koríko kéré, ṣé búrẹ́dì ni mò ń pò ni. Ìṣù àkọ́kọ́ tí mo jù mọ́ ọ̀pá náà dúró díẹ̀, bí ẹni ń ronú, ó wá yọ̀ wálẹ̀. Ìkejì kò tiẹ̀ ronú. Bí ìkẹta ṣe já bọ́ lulẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi gbé ife tíì kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè.

Ọmọbìnrin mi sá jáde sí àgbàlá. "Mama, was macht Onkel da?"

Ó ń béèrè ohun tí bọ̀dá ń ṣe níbẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ó da amọ̀ sí i, ó da koríko sí i, gìgísẹ̀ ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́ yípo. Ó bu díẹ̀, ó yí i bí okùn láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó fà á sókè wò bóyá yóò já. Kò já. Ó wá jù ú mọ́ ọ̀pá, ó dún pàá, ó sì dúró síbẹ̀. Ọkọ mi wà nínú ilé ìdáná, lódìkejì ògiri, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Mò ń gbọ́ ohùn wọn látinú àwọn ihò tó kù.

"Àna mi, ẹ tì í padà díẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti tì í."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí àlàfo náà dí, ẹ̀gbọ́n mi bá mi sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi. Ó ní ṣé mo rántí sìmẹ́ǹtì tí bàbá wa fi rẹ́ ilé. Mo ní mo rántí àkùkọ. Ó ní òjò ọdún kejì ló bó o, abala abala.

"Ojú ti Bàbá. Ìdájí la máa ń jí, èmi àti wọn, tí a máa ń fi ẹrẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà kí ará àdúgbò tó jí. Ilé yẹn ni mo rò pé kò dáa. Àṣé sìmẹ́ǹtì ni."

Ọmọ kékeré ni mí nígbà yẹn, mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo ṣáà bu ẹrẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí ògiri náà gbẹ tán, ìyá Denkmalschutz padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin lọ́jọ́ náà, ó ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ìyá náà fi ìka kan ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó béèrè pé ta ló ṣe é. Ọkọ mi ò nawọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Èmi ni mo na ìka sí ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá náà bi í pé ibo ló ti kọ́ṣẹ́.

Ó dúró ṣánṣán. "Bei meinem Vater," ó ní. Ọ̀dọ̀ bàbá òun ni.

Ìyá náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó wá ní ilé mìíràn wà lójú pópó yẹn tí ògiri rẹ̀ ń ya, ṣé ó lè ráàyè. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun máa yẹ kàlẹ́ńdà òun wò. Èmi mọ̀ dájú pé kò ní kàlẹ́ńdà kankan.

Ilé méjì ni ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára wọn báyìí ní abúlé yìí, yàtọ̀ sí tiwa. Bó bá ti ń bọ̀, bàtà dúdú ló ń wọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi í han aládùúgbò wa kan, mo ní ẹ̀gbọ́n mi nìyí, òun ló ń bá wa po ẹrẹ̀. Ó dúró kí ẹni náà lọ tán, ó wá kìlọ̀ fún mi pé Restaurator lorúkọ iṣẹ́ òun, ìyẹn ẹni tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe. Mo ní ẹ má bínú, sà.