Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Wa Tí Kò Ṣiṣẹ́

Ẹsẹ̀ mi kò balẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Obìnrin aránṣọ kan ní Ring Road ló fà á. Àwọn tó ń fẹ títì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ìlà ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, wọ́n ní tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, katakata á wó o. Mo wá ọ̀gá àwọn tó ń wọnlẹ̀ kàn, mo sì gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì.

"Àṣìṣe ni," ó ní. "Ìlà tó wà ní òdìkejì ló yẹ ká sàmì sí. Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní kí ló dé tí kò fi rán ẹnìkan lọ pa àmì náà rẹ́. Ó ní ọ̀gá òun tó lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀ wà ní ìrìn àjò.

Nígbà tí mo sọ fún aránṣọ náà, ó ṣì jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, aṣọ àwọn oníbàárà kún orí tábìlì títí dé ilẹ̀. "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi gbé e sínú ìwé ìròyìn ọ̀la," ó ní. "Ẹni tó ń wa katakata kò ní gbọ́ ẹkún mi. Àmọ́ tó bá rí i nínú ìwé pé ọ̀gá ẹ̀ ló sọ ọ́, á dúró."

Èkó ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn wa. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń pa ojú ewé àwọn ìpínlẹ̀ dé. Tẹ́lẹ̀, a máa ń fi ìròyìn rán àwọn awakọ̀ Èkó ní ibùdókọ̀ Challenge, ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ti kọjá nígbà tí mo dé ọ́fíìsì wa ní Dúgbẹ̀. Fóònù tó ń lọ sí Èkó ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ti inú Ìbàdàn nìkan ló ń lọ. Kọ̀ǹpútà ló kù. Tiwa á gba orí fóònù pe ẹ̀rọ kan ní Bódìjà, èyí tó ní àwo ńlá lórí òrùlé, ìyẹn á sì gbé ìròyìn náà dé Èkó.

Kò sí àwòrán lójú kọ̀ǹpútà wa. Ojú dúdú ni, lẹ́tà funfun. Ẹ ó kọ àṣẹ, á ṣe é, á tún dúró de òmíràn. Obìnrin kan ló tò ó fún wa, ọmọ Iléṣà tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Agbowó. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Ó kọ́ wa pé fáìlì kékeré kan wà tí ẹ̀rọ máa ń kà ní gbàrà tí èèyàn bá wọlé, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka òfin ilé fún ayálégbé tuntun. Inú rẹ̀ lèèyàn á ti sọ ohun tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa rántí fún un, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ síwájú ibi tí a ó tẹ àṣẹ sí. Òmíràn, tó ń jẹ́ PATH, ni àwọn yàrá inú ẹ̀rọ, níbi tí fáìlì ń gbé, tó gbọ́dọ̀ máa wọ̀ láti wá irinṣẹ́ tí a bá dárúkọ.

Ọ̀gá wa, olóòtú ẹ̀ka Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ bá fáìlì yìí jà. Gbogbo ìgbà tó bá jókòó, orúkọ rẹ̀ lásán ni ẹ̀rọ máa ń kọ síwájú rẹ̀.

"Ta ló ń pè mí lórúkọ báyìí?" ó bi Àǹtí. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ̀ ni mí?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó sì yí i padà fún gbogbo wa. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ẹ̀rọ ń kọ ni: E ku ise, sa. Ọ̀gá mi orí. Ó ní, "Ẹ̀kọ́ ilé ti dé."

Mo tẹ ìròyìn mi tán, mo jáde nínú ẹ̀rọ kí ọ̀gá lè lò ó díẹ̀. Nígbà tí mo tún wọlé, mo pe irinṣẹ́ tí a fi ń ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ní òun kò rí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. E ku ise, sa. Mo tún un tẹ̀. Kò rí i. Mo ní kó to àwọn fáìlì mi síta kí n wò wọ́n, ohun tí ọmọdé lè ṣe. Kò rí ìyẹn náà. E ku ise, sa.

Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi. "Mo fọwọ́ kan fáìlì yẹn díẹ̀ nígbà tó o fún mi láyè," ó ní.

"Kí lẹ ṣe sí i, sà?"

"Ẹ ti ń fi ìròyìn ránṣẹ́ láìjẹ́ kí n kà á. Mo wá ní kí ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ wá sí yàrá tèmi. Àǹtí sọ ọ́ fún mi lórí fóònù lọ́sàn-án, pé kí n kọ tèmi síwájú, kí àwọn ti tẹ́lẹ̀ máa tẹ̀ lé e. Mo ní kí ló tún ń tẹ̀ lé mi? Ìròyìn tó bá dé ọwọ́ olóòtú ti délé. Mo bá pa ìyókù rẹ́."

"Kí ló wà nínú yàrá yín, sà?"

"Kò tíì sí nǹkan kan. Ọjọ́ Ajé ni Àǹtí ń gbé irinṣẹ́ bọ̀. Mo kàn ń tún yàrá ṣe dè é ni."

Ẹ̀rọ ń wọ yàrá òfìfo, ó ń jáde, ó ń kí wa. Irinṣẹ́ tí a ó fi ṣí fáìlì náà kí a lè tún un ṣe, òun náà wà nínú àwọn yàrá tí ọ̀gá pa rẹ́. A pe Àǹtí. Fóònù rẹ̀ dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

Mo sáré jáde, mo fò sórí ọ̀kadà. A gba Mọ́kọ́lá, a já sí Sáńgò, gbogbo ọkọ̀ tó dá wa dúró ni mo ń ṣépè fún nínú ikùn mi. Ní Agbowó, mo bá Àǹtí nínú ṣọ́ọ̀bù oní-fọ́tókọ́pì tó kọjú sí tirẹ̀, ó ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló kú?" ó bi mí nígbà tó rí ojú mi.

Mo ròyìn. Ó di ògiri mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá yẹn! Mo ní kó ṣíwájú, n kò ní kó dá wà."

"Àǹtí, ẹ bá mi kálọ."

"Kí àwọn ọmọ yìí lè jẹ mí ní tútù? O ò nílò mi. Fi fáìlì sílẹ̀. Ojú dúdú yẹn gan-an ni kó o kọ orúkọ àwọn yàrá náà sí. Á rántí wọn títí wàá fi jáde nínú ẹ̀rọ. Tó o bá tún wọlé, á ti gbàgbé, wàá tún un kọ."

Ó pe orúkọ wọn fún mi, mo kọ wọ́n sẹ́yìn ọwọ́ mi. Ọkàn mi kò balẹ̀ síbẹ̀. Mo ń kà á sókè lórí ọ̀kadà, yàrá dé yàrá, títí ọlọ́kadà fi yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé gbàdúrà. Mo mọ̀ ọ́n gùn."

Ọ̀gá ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo kọ àwọn yàrá náà. Mo ní kó to fáìlì mi síta, ó sì tò wọ́n wẹ́rẹ́. Ọwọ́ mi ti wà lórí àṣẹ ìránṣẹ́ nígbà tí ọ̀gá di apá mi mú.

"Mo ti kà á ni?"

"Ọ̀gá, aago mẹ́fà ń lù lọ!"

"Dìde."

Ó jókòó, ó kà á. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó pa ìpínrọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ mi rẹ́, èyí tí mo fi ṣàpèjúwe aránṣọ àti aṣọ tó kún ilẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ sókè pátápátá. "Awakọ̀ katakata kò ní kà dé ìsàlẹ̀," ó ní. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ àṣẹ náà. Ẹ̀rọ tó ń pe Bódìjà han gooro, ó dákẹ́. E ku ise, sa.

Láàárọ̀, mo dé Ring Road ṣáájú katakata. Aránṣọ ti fi ẹ̀kọ lẹ ojú ewé náà mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí katakata dé, awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó fọwọ́ họ orí.

"Ọ̀gá wa ló sọ eléyìí? Ìlà òdìkejì?" Ó yíjú sí òdìkejì. "Tibẹ̀ kò lọ́dà lára. N ò lè wó ohun tí kò lọ́dà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kẹ́rù. A máa bọ̀ lọ́la."

Aránṣọ di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń ṣàdúrà fún mi. Ó ń ṣe é lọ́wọ́ nígbà tí bábà kan sọdá títì láti òdìkejì, abẹ ìgẹrun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lakọ̀ròyìn?" ó ní. "Ẹ̀yin lẹ fọ̀nà hàn án. Ta ló ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé tiwa ni wọ́n fẹ́ wó? Ó yá, ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì yín jáde. Ẹ kọ tiwa náà."

Mo gbé e jáde. Kí oòrùn tó mú, mo ti padà sí Dúgbẹ̀. E ku ise, sa. Mo wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi tí mi ò tíì fọ̀, mo tún àwọn yàrá náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ti fa àga tirẹ̀ sún mọ́ mi.