Ọfọ̀ Màmá Fíìmù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé lẹ́yìn stéṣọ̀n rélùwéè ní Òṣogbo, òṣèré fíìmù kan ń gbé yàrá kẹta sí tiwa. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé ta ló fẹ́ sọ ìtàn àgbà yìí, ẹni tí ò tíì pé ọdún márùndínlógójì. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹni tó bá ti fi bírò yí téèpù kásẹ́ẹ̀tì padà rí, àgbà ni lójú ẹ̀yin tí ẹ bá dátà wáyé.

Màmá Fíìmù la máa ń pè wọ́n. Ìyálé burúkú ni wọ́n máa ń ṣe nínú gbogbo fíìmù, wọn ò ṣe nǹkan mìíràn rí. Wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe! Wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn jókòó sórí àpótí, wọ́n á tú gèlè, wọ́n á tún un wé díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó wé e tán, gbogbo wa ti mọ̀ pé ìyàwó kékeré ti wọ gàù. Tìróò nìkan ló máa ń wà lójú wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ sunkún, omi ojú yẹn á wá, kò ní bọ́, á kàn dúró sí etí ojú, á máa wò ẹ́ nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo ti rí àwọn bàbá tí wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ dání tí wọ́n gbàgbé láti jẹun.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tá a kì í wò. Ní gbogbo fíìmù wọn, wọ́n á dé ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò, ẹnu wọn á máa lọ wúyẹ́wúyẹ́, àrá á máa sán. Wọ́n ní ọfọ̀ gidi nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́ ọ tán, nǹkan á ṣe é. Tó bá ti dé ibẹ̀, màmá mi á fi rìmóòtù pa ohùn tẹlifíṣọ̀n. Tí bátìrì rìmóòtù bá ti kú, kálukú á ki ìka bọ etí. Gbogbo ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, onígbàgbọ́, mùsùlùmí, tíṣà, télọ̀. Ẹ wá wò ó, ọfọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù, kò sẹ́nì kankan tó gbọ́ ọ rí.

Èmi gbọ́ díẹ̀. Mo tú ìka kan sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo gbọ́ “ulá”, mo gbọ́ “uyọ̀”, ni mo bá yára di etí mi padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń retí kí nǹkan ṣe mí.

Nínú ilé, èèyàn jẹ́jẹ́ ni Màmá Fíìmù. Wọ́n máa ń fún àwa ọmọdé ní ẹ̀pà sísun. A máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, a máa ń kúnlẹ̀ dúpẹ́, tá a bá ti yà sẹ́yìn ilé, gọ́tà ló ń lọ. Màmá mi ti kìlọ̀ pé tí n bá jẹ nǹkan lọ́wọ́ obìnrin yẹn, kí n má padà wọlé wá bá àwọn.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan. Mo ń fa omi ní kànga, mo rí Màmá Fíìmù lẹ́yìnkùlé, wọ́n gbé agbọ̀n dání, ẹnu wọn ń lọ wúyẹ́wúyẹ́ bíi ti inú fíìmù gẹ́lẹ́. Mo tún gbọ́ “ulá”, mo tún gbọ́ “uyọ̀”. Mo sá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gìrì mú ọmọ kékeré àwọn tó ń gbé yàrá tó kángun sí kànga. Bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ lọ sọ́sípítù, èmi ń fa aṣọ màmá mi. Mo ní mo gbọ́ ọ. Mo ní ọfọ̀ inú fíìmù yẹn ni Màmá Fíìmù ń pè lẹ́yìnkùlé.

Bí mo ṣe ń tẹ èyí, inú ń bí mi sí ara mi.

Wọ́n pe gbogbo ayálégbé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alhaji onílé jókòó láàárín, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ Màmá Fíìmù pé kí ni wọ́n sọ lẹ́yìnkùlé láàárọ̀.

“Nǹkan tí mo fẹ́ rà lọ́jà ni mò ń kà, kí n má baà gbàgbé,” Màmá Fíìmù ló fèsì bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ìkà. Alhaji ní, “Ó dáa, ẹ kà á ká gbọ́.”

Màmá Fíìmù la ẹnu báyìí, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ki ìka bọ etí. Gbogbo wa pátá. Alhaji fúnra wọn, tẹ̀sùbáà ń fì létí wọn bíi yẹtí, wọ́n ń pe àúsùbílàhi. Ẹni tá a ní kó sọ̀rọ̀ nìyẹn o. Wọ́n wo gbogbo wa yípo, ẹnu wọn ṣì wà ní lílà. Èmi ni wọ́n wò gbẹ̀yìn, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbójú kúrò lára mi. Wọ́n wá pa ẹnu dé.

Alhaji ní kí wọ́n kó jáde kí oṣù tó parí. Wọn ò dúró di ìparí oṣù.

Ọmọ yẹn ńkọ́? Ibà ni. Dókítà ní ibà ló gbé gìrì wá, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ó padà dé, ó ń mu ẹ̀kọ. Ṣé ẹ rò pé ẹnì kankan lọ bẹ Màmá Fíìmù? Àwọn ará ilé ní ṣé a ò rí i pé torí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ló ṣe tú ọmọ sílẹ̀ ni.

Èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀ títí mo fi dàgbà, títí mo fi kọ́ iṣẹ́ fóònù títúnṣe. Ó wá di ọjọ́ kan, mo lọ ra ojú fóònù ní Iléṣà, mo ti wọ mọ́tò tí mo fẹ́ padà sí Òṣogbo. Ìyá kan tẹ́ ẹrù sílẹ̀ ní gáréèjì, ó ń nawọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: “Uṣu wà. Ulá wà. Urú wà. Uyọ̀ wà.”

Mo bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, dírẹ́bà ń bú mi. Mo ní Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó fa iṣu rẹ̀ mọ́ra, ó ní kí ni mo fẹ́ fi ẹrù òun ṣe.

Iṣu, ilá, irú, iyọ̀. Ìjẹ̀ṣà lásán! Òṣogbo sí Iléṣà, kí lo rìn tó o fi dé ibẹ̀? Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ Ìjẹ̀ṣà lọ́jà, Ìjẹ̀ṣà wà nínú ilé wa pàápàá. Ká sọ pé ẹnì kan ṣoṣo yọ ìka létí lọ́jọ́ yẹn ni, ọ̀rọ̀ ti parí.

Mo béèrè Màmá Fíìmù títí mo fi gbọ́ pé Ìbòkun ni wọ́n wà. Mo wá wọn lọ. Wọ́n ti darúgbó. Mo dọ̀bálẹ̀, kí n tó sọ orúkọ mi ni wọ́n ti ní, “Ṣebí ìwọ lọmọ tó máa ń ju ẹ̀pà mi sí gọ́tà.”

Mo bẹ̀bẹ̀. Wọn ò sọ pé àwọn ti dárí jì mí, wọn ò sì lé mi. Wọ́n kàn ṣàlàyé pé dàírẹ́tọ̀ ló ní kí àwọn pe ọfọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ò mọ ọfọ̀ kankan, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì làwọn. Ni wọ́n bá wo ilé ìdáná tí wọ́n ti ń ya fíìmù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan tó wà níbẹ̀ lédè ilé wọn. Dàírẹ́tọ̀ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà. Ó ní ọfọ̀ yẹn gbóná.

Wọ́n ní kí n fi fíìmù ìsinsìnyí han àwọn lórí fóònù mi. Ọmọge kan jí lórí bẹ́ẹ̀dì, wíìgì wà lórí, ìpéǹpéjú gùn bíi bírọ́ọ̀ṣì, ó ń sunkún, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ojú kí mékọ́ọ̀pù má baà ṣàn. Màmá béèrè ta ló kú. Mo ní ọkọ ẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Ṣé ó ti gbọ́ ni?”

Èmi náà ò gba nǹkan kan gbọ́ mọ́ nínú fíìmù. Ẹkún, mo fura sí i. Ilé ńlá, mo fura pé wọ́n yá a. Èyí tó ń bẹ̀bẹ̀ pé ká tẹ bẹ́ẹ̀lì lábẹ́ fídíò, òun gan-an ni mo fura sí jù. Láyé ìgbà yẹn, a gba obìnrin kan gbọ́ débi pé a lé e kúrò nílé. Tí wọ́n bá ní kó o sọ òṣèré tó dáa tó bẹ́ẹ̀ lónìí, ta lo fẹ́ dárúkọ?

Màmá gbé iyán wá fún mi. Mo fọ ọwọ́. Iyán ń gbóná, ọbẹ̀ ń ta sánsán, ebi ń pa mí. Ọwọ́ mi ò lọ. Mi ò mọ ohun tó dì í mú. Mo kàn ń wo abọ́.

Wọ́n rí mi. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n bu òkèlè kan nínú iyán mi, wọ́n tì í bọ ọbẹ̀, wọ́n gbé e mì. Wọ́n wá la ẹnu gbàgàdà sí mi, kí n lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹnu kan náà tí wọ́n là sí wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹun.