Mo Gbé Òkun Lọ sí Lọ́kọ́ja

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti ń bá dírẹ́bà jà ní gáréèjì Adó-Èkìtì. Àwòrán òkun ńlá kan ni mo gbé dání, ó ní kí n gbé e sí búùtù. Mo ní, "Lábẹ́ àpò gàrí? Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wọ búùtù!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwòrán san owó ìjókòó. Mo san án. Bí èmi àti òkun ṣe jókòó pọ̀ nìyẹn.

Ìwé ìròyìn kan ló ń gbé mi lọ. OKUN lorúkọ rẹ̀, láìlámì ohùn kankan lórí. Àwa tá à ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, ìkòkò, aṣọ òfì, ère, la máa ń kà á. Ìyá mi ti ń rà á kí n tó mọ̀wé kà. Inú rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń dá ìkòkò àtijọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tuntun tí wọ́n fi èéfín sọ dúdú láti fi rẹ́ni jẹ. Ọkọ mi ní ilé wa ti di ìsọ̀ ìkòkò, kò sì parọ́. Àmọ́ nínú èyí tó jáde kẹ́yìn, olóòtú ní ó ti rẹ òun, bóyá òun á dá a dúró. Ara mi ò gbà á. Mo ní n ó lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja.

Láti Òmùò wọ Kabba, kòtò ń gbé wa sókè sódò, èmi ń di òkun mi mú. Ní Obajana, ọkọ̀ akẹ́rù sìmẹ́ńtì da eruku bò wá. Arákùnrin tó jókòó tì mí ní, "Màmá, òkun yín ti ń gbẹ o!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Háà, Lọ́kọ́ja gbóná! Eré ọmọdé ni ooru Adó. "Sannu da zuwa," oníkẹ̀kẹ́ kí mi; ẹ káàbọ̀ ni, lédè Hausa. Ká tó dé Kabawa, àdúgbò olóòtú, ó ti fi Nupe kí ẹnìkan, ó sì ti fi Píjìn bú ọlọ́kadà. Nílé wa, èdè kan ṣoṣo la fi ń jà.

Bàbá olóòtú fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, ọmọ Bùnú lápá Kabba. Mo kúnlẹ̀.

"Okun o," ni wọ́n wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n, òun náà ni, sà!" Mo bá gbé àwòrán síwájú wọn. "Mo gbé e wá fún yín."

Wọ́n wo ìgbì omi, wọ́n wò mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ọmọ mi, níbo la ti rí òkun níbí? Ìkíni wa ni. O ṣiṣẹ́, okun. O ń ṣọ̀fọ̀, okun. O wọlé, okun. Okun àti agbára là ń tọrọ fún ara wa."

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ìyàwó wọn gbé iyán àti ẹja odò Ọya wá, Bàbá sì to gbogbo OKUN tó ti jáde sílẹ̀. Aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí àwọn Bùnú fi ń sin àgbà, ló wà lára èèpo ẹ̀yìn ìwé àkọ́kọ́. Mo ṣí wọn títí: nínú gbogbo wọn, orúkọ ẹni tó fọwọ́ ṣe nǹkan ló ń ṣáájú orúkọ ẹni tó rà á. Ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀?

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró."

"Fún ta?" Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Látọjọ́ yìí ni mo ti ń fi ìwé náà kí yín. Ẹnìkan ò dá mi lóhùn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo tún kúnlẹ̀. "Okun o, Bàbá." Lọ́tẹ̀ yìí, mo pè é bó ṣe yẹ.

Wọ́n fà mí dìde. "Okun o, ọmọ mi." Wọn ò ṣèlérí kankan.

Mo padà sílé lọ́wọ́ òfìfo, ẹnu ọkọ mi ò sì sinmi: "Òkun dà?" Ohun tí mo kọ́ lọ́nà yẹn ni pé kò tó kéèyàn kàn máa gbádùn iṣẹ́ ẹlòmíì ní kọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé tuntun dé. Àwòrán òkun mi ló wà lára èèpo ẹ̀yìn rẹ̀! Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Òkun kọ́ o. Okun ni."

"Okun o!" ni mo ké ní pálọ̀.

Ọkọ mi yọjú. "Ta lò ń kí?"

"N ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kí mi ni, mo ń dáhùn."