Àwo Orin Tí Lánlọ́ọ̀dù Mi Ń Dúró Dè

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: lánlọ́ọ̀dù mi ní ìlú Ajax lókè òkun níbí, bàbá díákónì tí mò ń gbé básímẹ́ǹtì wọn, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, ní kí ìjọ bá àwọn gbàdúrà kí àwo orin rọ́ọ̀kì tètè jáde.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ẹgbẹ́ olórin tó ni àwo náà, àwọn arúgbó òyìnbó tí bàbá ń pè ní “àwọn ẹ̀gbọ́n mi,” ti ń sún ọjọ́ àwo tuntun síwájú. Láràárọ̀ Jímọ̀, ọjọ́ tí àwo tuntun máa ń jáde, bàbá á nu ẹ̀rọ orin wọn, wọ́n á ní, “Bóyá tòní ni.” Bẹ́ẹ̀ sì rèé, dókítà ti sọ pé etí wọn méjèèjì ń kú lọ.

Pásítọ̀ ní, “Dádì, ṣé kì í ṣe etí yín ló yẹ ká gbàdúrà fún?”

“Etí ní dókítà, sà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ò ní.”

A bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló pọ̀ jù.

Nígbà tí àwo náà jáde, etí bàbá ti di pátápátá. Mo kọ ìròyìn náà sí bébà fún wọn. Wọ́n kà á, wọ́n ká bébà náà sápò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilé ń mì tìtì. Mo sáré gòkè. Bàbá wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sára sípíkà.

“Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti darúgbó,” ni wọ́n wí. “Ìlù wọn ti ń rìn jẹ́jẹ́.”