Ìgbà tí Dúpẹ́ Kò Tíì Sọ̀rọ̀

Òórùn kajú tó ti pọ́n já bọ́ ló gba gbogbo àgbàlá wa ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá màmá mi mú Dúpẹ́ lọ. Ẹni tó bá dàgbà ní Kàbà yóò mọ òórùn náà: ó dùn, ó sì kan díẹ̀, bí ọtí tí ẹnikẹ́ni ò pọn. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mo ń yọ kóró kúrò lára èso, omi kajú sì ti ta sí aṣọ ilé-ìwé mi. Mo mọ̀ pé màmá mi yóò bínú. Kò bínú. Inú yàrá ló wà, ó ń di ẹrù àbúrò mi.

Dúpẹ́ ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ń gbọ́ràn dáadáa. Bí ìkòkò bá dún nílé ìdáná, òun ló máa ń kọ́kọ́ yíjú. Wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn, dókítà ní kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ojúgbà rẹ̀ ládùúgbò ti ń kọrin, wọ́n tilẹ̀ ti ń purọ́ mọ́ ara wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin máa ń wò ó, a sì mi orí. "Kó má lọ jẹ́ odi la bí o." Bàbá mi, tó jẹ́ tísà, a ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Síbẹ̀, lálaalẹ́ ni mo ń rí i tó gbé Dúpẹ́ lé ẹsẹ̀, tó ṣí ìwé alábídí síwájú rẹ̀. "Ajá nìyí. Sọ pé ajá." Dúpẹ́ á rẹ́rìn-ín sí i, á wá wo ojú mi.

Èmi ló ń wò nítorí pé èmi ni mo gbọ́ èdè rẹ̀. Bó bá na ìka sókè, omi ló ń béèrè. Bó bá fa etí aṣọ mi, ó fẹ́ kí n pọn òun. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, gbogbo ilé ló sì ń bi mí pé, "Kí ló wí?" Inú mi máa ń dùn láti dáhùn.

Ọdún Àjíǹde ni ìyá màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ti Odò-Àpé wá bá wa ṣe. Ó ń wò wá fún ọjọ́ mélòó kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bi Dúpẹ́ bóyá iṣu ni yóò jẹ tàbí ẹ̀wà. Mo ní ẹ̀wà ni. Màmá tún bi í. Mo tún ní ẹ̀wà ni. Ó wá kọjú sí màmá mi.

"Ọmọ yìí ò yadi. Ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lò. Ẹnu ẹni la sì fi ń kọ mé jẹ. Jẹ́ kó bá mi lọ sílé."

Bàbá mi ní ọ̀nà jìn. Màmá ní, "Bí iṣu tuntun bá jáde tí kò sọ̀rọ̀, ẹ wá mú ọmọ yín." Màmá mi wọ ilé ìdáná lọ. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ní kí wọ́n máa mú un lọ.

Báyìí ni mọ́tò ṣe gbé àbúrò mi lọ láàárọ̀ ọjọ́ kajú yẹn. Orí itan Màmá ló wà, ó ń yọjú lójú fèrèsé, ó na ìka sókè. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó wí níbẹ̀ àfi èmi. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹní tí àwa méjèèjì ń sùn lé fẹ̀ jù fún mi.

Màmá mi lọ wò wọ́n, ó sì mú ìròyìn bọ̀. Ó ní láràárọ̀ ni Màmá ń rán Dúpẹ́ kiri agbo ilé láti lọ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Wọ́n á kí i ní ìkíni wọn, "Okun," wọ́n á sì dúró, kò sẹ́ni tó ń kánjú kúrò níwájú rẹ̀ títí ètè rẹ̀ á fi mì. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ò mọ àmì rẹ̀ rárá. Bó bá na ìka sókè, ẹyẹ ni wọ́n ń wá lórí igi. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan já iṣu sísun gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ni Dúpẹ́ bá ní, "Tèmi ni." Màmá ò pariwo, kò jó. Ó kàn sọ fún ọmọ náà pé, "Ṣé o gbọ́? Tirẹ̀ ni. Dá a padà fún un."

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, èmi àti bàbá mi lọ. Dúpẹ́ sáré jáde, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ohùn Bùnù, èdè àwọn ará Odò-Àpé, kí bàbá wa, ó yára tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá mi, ọmọ Owé ti Kàbà, fi ní kó rọra tún un sọ. Lẹ́yìn náà, mo rí i tí Dúpẹ́ ń wo ìkòkò omi. Ọwọ́ mi ti kan ife.

"Mà á bù ú fúnra mi," ló wí.

Inú mi dùn gan-an, mo sì bú sẹ́kún. Bàbá mi fẹ́ rẹ̀ mí lẹ́kún, Màmá ní, "Fi í sílẹ̀. Òun náà ń dàgbà ni."

Lọ́kọ́ja ni mò ń gbé báyìí. Dúpẹ́ ti di ìyá ọlọ́mọ, bó bá sì pè mí lórí fóònù, agbára káká ni mo fi ń rí àyè fèsì. Ọmọkùnrin mi ọmọ ọdún márùn-ún ló ń so okùn bàtà rẹ̀ láràárọ̀, ó ń so ó, ó ń tú, kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e lọ sílé-ìwé sì ń fọn fèrè níta. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà gbà pé bí o bá fẹ́ràn ènìyàn, kó tó béèrè ni kí o ti fún un ní ohun tó fẹ́. Mo ti lé ní ogójì ọdún, ojú mi ṣì ń yára rí i, ọwọ́ mi ṣì ń yára nà. Ohun tí ọjọ́ orí fi kún un kò ju pé mo lè dá ọwọ́ náà dúró. Mo fara ti ilẹ̀kùn, mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo ń dúró dè é.